Oríkì tí Mo Kì fún Chief ní Al Taawun

Ọmọ ìka mẹ́ta péré ló kù lẹ́sẹ̀ òsì Chief, àtẹ́lẹwọ́ mi ò sì tíì gbàgbé wọn. Òróró kan tó ń ta sánsán bíi káńfọ̀ ni mo fi máa ń ra ẹsẹ̀ náà láràárọ̀, àwọn lórí àga tó kọjú sí fèrèsé, èmi lórí kápẹ́ẹ̀tì, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹtàdínlógún ilé gogoro kan ní Al Taawun, ní Sharjah, níbi téèyàn ti lè máa wo àwọn mọ́tò tó ń rá pálá lọ sí Dubai bí ìjàlọ. Wọ́n ní òtútù ló jẹ ìka méjì yòókù. Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́, torí ní Ìsẹ́yìn tí mo dàgbà sí, òtútù kì í jẹ nǹkan kan lára èèyàn, ọyẹ́ a fẹ́, ètè a bó, ó parí. Chief náà bá mi rẹ́rìn-ín. Ohun tí mo fẹ́ràn lára wọn nìyẹn, wọn kì í bínú sí àìmọ̀kan mi.

Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí nígbà yẹn. Girama ni mo kà mọ, mo wọ bàálù pẹ̀lú visit visa àti báàgì kan, inú mi sì ń dùn débi pé ẹni tó jókòó tì mí bẹ̀ mí pé kí n jọ̀ọ́ jẹ́ kí òun sùn. Bó ṣe máa ń ṣe mí láti kékeré nìyẹn: tí ayọ̀ bá ti dé, ẹnu mi á ṣí, mi ò tiẹ̀ ní rántí mí èémí. Bedspace kan ní Abu Shagara ni mo ń sùn, obìnrin mẹ́fà nínú yàrá kan, kọ́tìnnì láàárín bẹ́ẹ̀dì kan àti ìkejì, àgbà inú wa sì jẹ́ ẹ̀gbọ́n kan tó máa ń ra ẹrù lọ́jà Deira ní Dubai tó ń kó o ránṣẹ́ sí Èkó. Ẹ̀gbọ́n yìí ló gbọ́ pé obìnrin òyìnbó kan tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Jumeirah Lake Towers ń wá ẹni tó máa bá a tọ́jú bàbá rẹ̀ tí ẹsẹ̀ ò gbé mọ́.

“Àbúrò, iṣẹ́ ti dé o,” wọ́n ní. “Ṣùgbọ́n ẹnu ẹ yìí ò ní bírékì. Ilé òyìnbó, wọn kì í ṣe gist níbẹ̀.”

“Ẹ̀gbọ́n, mo ti gbọ́.”

“O ò gbọ́. Ẹni tó gbọ́ á jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán.”

Bàbá àti ìyá obìnrin náà ni mo bá nílé. Apá ìsàlẹ̀ ilẹ̀ Rọ́ṣíà ni wọ́n ti wá, wọ́n jẹ́ ara àwọn tí wọ́n ń pè ní Kọ́sáàkì, ìran jagunjagun tó ń gẹṣin. Mo kọ́kọ́ pe bàbá ní “Baba”, ni ìyàwó wọn bá fi ọwọ́ bo ẹnu, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ọmọ wọn wá ṣàlàyé fún mi pé lédè tàwọn, ìyá arúgbó ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n ní Chief nìyẹn. Ó sì bá wọn mu, torí olórí ogun ni wọ́n jẹ́ nílé wọn. Ìyàwó wọn, Màmá ni mo ń pè wọ́n. Gẹ̀ẹ́sì Màmá àti tèmi jọ ń rìn bí arọ méjì tó di ara wọn mú. Ti Chief sàn díẹ̀.

Mo wá mọ ìgbésí ayé Chief bí ẹni mọ ilé ìyá rẹ̀. Nígbà tí mo bá ń ra ẹsẹ̀ wọn lọ́wọ́, tí Màmá ti jáde lọ ra nǹkan ọbẹ̀, wọ́n á máa sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, èmi á máa ní “hẹn, lẹ́yìn náà ńkọ́?” Bàbá tó bí bàbá wọn ló gbé wọn lé ẹṣin kí eyín wọn tó hù tán. Ìjọba ìgbà yẹn ò fẹ́ràn Kọ́sáàkì, wọ́n ti kó púpọ̀ nínú àwọn àgbà ìlú lọ tí wọn ò padà wálé mọ́, nítorí náà inú abà, lẹ́yìn ilẹ̀kùn títì, ni bàbá àgbà yẹn ti kọ́ wọn ní bí wọ́n ṣe ń lo idà, idà tí wọ́n fi pátákó gbẹ́. Chief dàgbà, wọ́n tún lọ wọ iṣẹ́ sójà fún ìjọba yẹn kan náà, wọ́n sì gòkè níbẹ̀. Mo bi wọ́n léèrè pé ṣé kò dùn wọ́n. Wọ́n ní èèyàn lè dìbò nípa gbogbo nǹkan, kò lè dìbò nípa ẹni tó máa fún un lóúnjẹ. Nígbà tí ìjọba ńlá náà wá fọ́, tí Kọ́sáàkì tún lè jáde síta kó sọ ohun tó jẹ́, gbogbo ọkùnrin ìlú wọn dúró yí ká ní gbangba, wọ́n fi ohùn ẹnu yan Chief ní olórí.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nìyí, mo máa ń ní kí wọ́n tún un sọ. Lẹ́yìn tí wọ́n yàn wọ́n tán, àwọn arúgbó ìlú bu ẹrẹ̀ nílẹ̀, wọ́n fi lé wọn lórí, ó ń ṣàn wá sójú, kí wọ́n má baà gbàgbé ibi tí wọ́n ti gbé wọn dìde. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tó fi pàṣán olórí lé wọn lọ́wọ́.

“Chief, ẹrẹ̀ gidi?”

“Ẹrẹ̀ gidi. Ìgbẹ́ ẹṣin wà nínú ẹ̀. Ìyàwó mi ò jẹ́ kí olórí tuntun wọlé títí ó fi wẹ̀ níta.”

Mo sọ fún wọn pé nílẹ̀ tiwa náà, ẹni tó fẹ́ joyè a máa jẹ ìyà díẹ̀ kó tó dé adé, inú wọn sì dùn, wọ́n ní ó jọ pé ọgbọ́n wà níbẹ̀. Inú tèmi ló wá dùn jù. Mo máa ń wọ bọ́ọ̀sì padà sí Abu Shagara nírọ̀lẹ́ bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

Ìtàn odò, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sọ ọ́ fún mi. Ogun dé ẹ̀gbẹ́ ìlú wọn lẹ́yìn tí wọ́n jẹ olórí, Chief sì kó ogójì ọkùnrin lọ. Apá wọn ò ká a, wọ́n ń padà bọ̀ wálé, àwọn ọ̀tá ń lé wọn bọ̀, wọ́n sì dé bèbè odò kan tó tutù bí irin. Kò sí afárá. Pátákó fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan ló wà níbẹ̀ tí wọ́n so mọ́ okùn, tí wọ́n fi ń fa èèyàn kọjá. Àbúrò Màmá wà láàárín wọn, ọmọkùnrin tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Òun ló gbé ìbọn dúró sẹ́yìn tó ń dá ọ̀tá dúró títí gbogbo àwọn yòókù fi kọjá tán. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fa pátákó padà lọ gbé e, ọ̀tá ti yọ lẹ́yìn rẹ̀. Tí pátákó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọ̀tá ló máa gùn ún wá bá ogójì èèyàn tó ti rẹ̀. Chief yọ idà, wọ́n gé okùn. Ọmọ náà wà ní bèbè kejì, ó ń wò wọ́n. Chief náà dúró sínú omi tó dé orúnkún, wọ́n ń wò ó, títí àwọn èèyàn wọn fi fà wọ́n jáde. Ibẹ̀ ni ìka ẹsẹ̀ wọn kú sí.

Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ tán ni kọ́kọ́rọ́ Màmá dún lẹ́nu ọ̀nà, Chief sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí bóyá wọ́n ń gbin ọ̀dùnkún ní Nàìjíríà. Mo rí i pé wọ́n yí ọ̀rọ̀ padà. Mo rí i dáadáa. Mo kàn rò pé ọ̀dùnkún ló wù wọ́n ni. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé láti ọgbọ̀n ọdún, ohun tí Màmá mọ̀ ni pé ìbọn ló ba àbúrò wọn nínú igbó kí wọ́n tó dé odò, pé ojú ẹsẹ̀ ló kú, pé kò jẹ ìrora. Chief ló lọ sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n dé láti ojú ogun. Lórí irọ́ yẹn ni wọ́n ti jọ ń jẹun látìgbà náà.

Ìgbà tí Chief fẹ́ pé ọgọ́rin ọdún, ọmọ wọn ní kí n má ra nǹkan kan wá o, kí n ṣáà wá bá wọn jẹun. Mo ní mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n mo ti mọ ohun tí mo máa ṣe. Màmá àgbà tó tọ́ mi dàgbà, oríkì ni wọ́n fi máa ń jí wa láràárọ̀, gbogbo ẹni tó bá sì mọ oríkì mọ̀ pé kì í ṣe dídára nìkan ló máa ń wọ inú ẹ̀. Nínú oríkì ilé tiwa, wọ́n ní baba ńlá wa sá lójú ogun wọ inú oko àgbàdo, ó ń jẹ àgbàdo títí ogun fi tán. Tí wọ́n bá dé ibẹ̀, orí wa á wú, àwọn ọkùnrin ilé á máa rẹ́rìn-ín. Ohun tó bá ti dé inú oríkì ti kúrò ní ìtìjú. Ohun tí mo gbàgbọ́ nìyẹn, mo rò pé gbogbo ayé ló gbà á bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi hun ún. Mo ń kì í nínú bọ́ọ̀sì, mo ń kì í nídìí ẹ̀rọ ìfọṣọ, mo ń kì í lẹ́yìn kọ́tìnnì.

“Ta ló ní kó o kì í?” Ẹ̀gbọ́n béèrè láti bẹ́ẹ̀dì kejì. “Kí lòyìnbó mọ̀ nípa oríkì?”

“Ẹ̀gbọ́n, kò sẹ́ni tí ìyìn ò dùn mọ́.”

“Ó dáa. Tí wọ́n bá lé ẹ, khalas, ó parí, má wá sunkún sára kọ́tìnnì mi.”

Àwọn àgbàlagbà mẹ́ta kan wá láti Dubai lọ́jọ́ náà, àwọn tó bá Chief jagun, wọ́n wọ kóòtù, àmì ẹ̀yẹ ń tàn láyà wọn. Sharjah ò gba ọtí, nítorí náà omi èso pupa kan tí Màmá sè ni wọ́n bù sínú ife. Wọ́n gbé ife sókè láti yẹ́ Chief sí. Wọ́n gbé e sókè fún Màmá. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta, gbogbo wọn dìde dúró, wọn ò fi ife kan ara wọn, wọn ò sọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé ti àwọn tó kú lójú ogun ni ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Èmi rí i pé ilé pa rọ́rọ́, mo ní Olúwa ló ṣí àyè sílẹ̀ fún mi yìí. Mo kúnlẹ̀ síwájú Chief lórí kápẹ́ẹ̀tì, mo gbé ohùn sókè. Mo ń kì í ní Yorùbá, mo ń dúró lẹ́yìn ìlà kọ̀ọ̀kan láti sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ wọn sì ń yí i sí èdè wọn pẹ̀lú ẹ̀rín, ó ti fẹ́ràn rẹ̀:

“Chief, ọmọ agẹṣin kéyín ó tó hù,
Ẹlẹ́rẹ̀ lórí tó ju aládé lọ,
Òtútù jẹ méjì, ó ku mẹ́ta, mẹ́ta náà ni ilẹ̀ fi ń mì,
A-fi-idà-gé-okùn kí ogójì ó lè yè,
Ó fi àbúrò aya sílẹ̀ ní bèbè kejì,
Ọmọ náà dúró, ó ń wò ó,
Kí ọmọ ọlọ́mọ ó lè rí ilé bọ̀.”

Ọmọ wọn ti yí ìlà okùn tán kó tó gbọ́ ohun tó ń jáde lẹ́nu òun fúnra rẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e, ó dé àárín rẹ̀, ó dúró. Màmá bi í ní nǹkan kan lédè wọn. Màmá wá yíjú sí mi.

“Tún un sọ,” wọ́n ní.

Mo tún un sọ. Ọlọ́run ló mọ̀ pé mo rò pé ó dùn mọ́ wọn débi pé wọ́n fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì ni. Mo sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì tó rọrùn, kí ó lè yé wọn dáadáa, mo tiẹ̀ fi ọwọ́ mi gé okùn náà nínú afẹ́fẹ́. Mo sọ fún wọn pé àbúrò wọn dúró, pé ó ń wò wọ́n. Ẹ̀rín ń bẹ lẹ́nu mi.

Màmá gbé ife sílẹ̀. Wọ́n wo Chief, Chief ń wo ẹsẹ̀ ara wọn. Wọ́n wá kọjú sí àwọn àgbàlagbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n ń pe orúkọ wọn níkọ̀ọ̀kan bí ẹni ń pe ọmọ ilé ìwé, ẹni tí wọ́n bá sì pè á tẹ orí ba. Gbogbo wọn ló ti mọ̀. Màmá lọ sí kíṣìnì, a sì gbọ́ pé wọ́n ń fọ abọ́ tí kò sẹ́ni tó tíì jẹun nínú rẹ̀. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ṣì wà. Chief gbé ọwọ́ lé orí mi, wọn ò bínú, ìyẹn ló burú jù.

“Máa lọ sílé, ọmọ mi,” wọ́n ní.

Ọmọ wọn pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ kejì pé kí n má wá mọ́. Ó ní òun mọ̀ pé mi ò purọ́. Mo ní kó bá mi bẹ Màmá, ó ní kò tíì sí ẹni tó lè bá Màmá sọ̀rọ̀ báyìí. Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n lọ́rọ̀ tèmi, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹlòmíì ló jẹ ìyà ẹnu mi. Mo rí iṣẹ́ míì, ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta lọ́fíńdà, Emirates ID mi, káàdì ìgbélùú, jáde, ohun tí ìbá mú mi fò sókè ní oṣù kan sẹ́yìn. Mi ò fò. Mo di ẹni tí kì í sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n ní àwọn ní kí n wá bírékì, àwọn ò ní kí n pa ẹ́ńjìnnì.

Lọ́sàn-án Friday kan, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, Ẹ̀gbọ́n ṣí kọ́tìnnì. “Àbúrò, òyìnbó àgbàlagbà kan wà nísàlẹ̀ tó ń béèrè ẹ. Dúdú ló wọ̀.”

Màmá ni. Wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ta mọ́tò, táàsì ń dúró dè wọ́n, oòrùn ń pa wọ́n. Wọ́n sọ fún mi pé ó ti pé ọjọ́ mọ́kànlá tí Chief ti kú, pé ojú oorun ni wọ́n gbà lọ. Wọ́n ní láti ọjọ́ ìbí yẹn, àwọn ń sè fún wọn, àwọn ń wọ̀ wọ́n láṣọ, àwọn sì ń ra ẹsẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n àwọn ò bá wọn sọ̀rọ̀, kò sí gbólóhùn kan.

“Mo rò pé tí ìbínú bá tán, màá sọ̀rọ̀,” Màmá ní. “Mo rò pé àyè wà.”

Wọ́n ní àwọn ń padà sílé lọ́la, àwọn ò sì lè lọ láìbi mí.

“Ìwọ nìkan ló sọ ọ́ fún, mi ò sì gba ẹnu àwọn tó bá a jagun gbọ́ mọ́. Àbúrò mi, nígbà tó dúró níbẹ̀ yẹn. Ṣé ó sọ nǹkan kan?”

Ó sọ nǹkan kan. Mi ò fi í sínú oríkì torí kò dún bí ọ̀rọ̀ ogun létí mi. Chief ní nígbà tí ọmọ náà rí i pé okùn ti já, kò bú wọn, kò sunkún, ó fi ọwọ́ méjèèjì yí ẹnu ká kí ohùn rẹ̀ lè ré odò kọjá, ó ní: “Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ sọ fún un pé èmi ni mo ní kí n dúró.” Chief ò lè jẹ́ iṣẹ́ náà, torí ẹni tó bá jẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ bí odò ṣe dé inú ọ̀rọ̀.

Mo wo Màmá, bí aṣọ dúdú yẹn ṣe tóbi jù wọ́n lọ, ẹ̀rù bà mí. Ẹnu yìí ti ba ilé wọn jẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Mo ní mo ti gbọ́n báyìí. Mo ní iṣẹ́ tí wọ́n bá rán ni bí ẹrú, bí ọmọ là á jẹ́ ẹ.

“Rárá, Màmá,” mo ní. “Chief ò sọ nǹkan kan fún mi mọ́.”

“Bóyá ikú ẹ̀ yá kíá.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ó yá kíá.”

Wọ́n mi orí. Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, wọ́n wọ táàsì.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Ẹ̀gbọ́n, wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì wọn.

“Wọ́n ní kéèyàn fi tọmọ jẹ́ ẹ,” wọ́n wá ní. “Wọn ò ní kó má jẹ́ ẹ. Ìkíni òkú lo dì sínú báàgì ara ẹ yìí. Dìde, yalla, yára, bóyá o ṣì lè bá a.”

Mo sáré. Bọ́ọ̀sì ò yá, mo fi ẹsẹ̀ rìn díẹ̀, mo tún wọ òmíràn. Ẹni tó ń ṣọ́ ilé ní Al Taawun dá mi mọ̀, ó ní wọ́n ti kó ẹrù wọn sínú mọ́tò lọ sílé ọmọ wọn ní Dubai, láti ibẹ̀ ni wọ́n á ti lọ sí pápá ọkọ̀ òfuurufú. Mo pe nọ́ńbà ọmọ wọn, kò gbé e. Mo pè é ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ní wọ́n ti pa fóònù náà. Mo lọ sí Jumeirah Lake Towers lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo wo ilé gogoro tó wà níbẹ̀ títí ọrùn fi dùn mí, mi ò mọ èwo ni ọ́fíìsì rẹ̀.

Ọdún mẹ́rin ti kọjá. Mo ti lọ́kọ, mo ti bímọ obìnrin kan tó ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjì bí búrẹ́dì, ayọ̀ tún ti padà sára mi débi pé ọkọ mi máa ń ní kí n rọra mí. Mo tún ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni bá ní kí n bá òun kí ẹnì kan, bó ti wù kó kéré tó, mi ò kì í bọ́ bàtà kí n tó jẹ́ ẹ. Ọkọ mi rò pé ìwà ilé wa ni.

Mo mọ̀ báyìí pé kò sí èyí tó le nínú rẹ̀. Ǹ bá ti sọ ọ́ tán kí táàsì yẹn tó yí táyà rẹ̀. Ọdún tó kọjá, mo tẹ̀ ẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì sínú fóònù, mo fi ránṣẹ́ sí nọ́ńbà ọmọ wọn àtijọ́: pé àbúrò Màmá ní kí wọ́n bá òun kí Màmá, pé òun fúnra òun ló ní kí òun dúró. Àmì kan ṣoṣo ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyẹn ni pé kò tíì dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Nígbà mìíràn, tí ọmọ mi bá ti sùn lọ́sàn-án, mo máa ń ṣí i wò bóyá ó ti di méjì.